Ọdún Tí Mo Fi Omi Gbígbóná Wẹ Ata

Ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi, ẹ sún mọ́ iná yìí díẹ̀, kí ẹ sì ṣèlérí fún mi pé ẹ kò ní rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ọ́ tán. Mo ti fi omi gbígbóná wẹ ata rí. Kì í ṣe ata tí a fẹ́ lọ̀ o. Ata tó wà nínú ilẹ̀ ni, tó ní gbòǹgbò, tó ní ewé. Mo gbé ìkòkò ka orí ààrò, mo koná sí i, mo ń fi ìka tọ́ omi náà wò bí ìyá tó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tán, mo gbé e lọ sí etí odò, mo sì ń fi igbá bù ú lé àwọn ọmọ ata lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tilẹ̀ ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ fara balẹ̀, otútù náà ń lọ."

Ó lọ lóòótọ́. Àwọn náà bá a lọ.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ kò mú ìlérí ṣẹ. Kò burú. Àyìnlá, bàbá tó bí yín, rẹ́rìn-ín jù báyìí lọ lọ́jọ́ náà; igi ọ̀pẹ ló dì mú tí kò fi ṣubú. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ni mo fi jù ú lọ; bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ni kò papọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ilé oníyàwó kan, ẹ kò lè mọ ohun tí oṣù mẹ́rin jẹ́ nínú agbolé. Oṣù mẹ́rin yẹn ni mo fi ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo. Òun ni mo fi ń jókòó lórí àpótí nígbà tí Àyìnlá ń jókòó lórí ilẹ̀. Bí ẹ bá sì yọ oṣù mẹ́rin yẹn kúrò, kò sí ohun tó kù tí mo fi ju bàbá yín lọ. Bí a bá kọ ebè, tirẹ̀ ló ń tọ́. Bí a bá dẹ pàkúté, tirẹ̀ ló ń mú ẹran. Èmi á bá ẹsẹ̀ ara mi nínú tèmi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo gbà. Àkísà nìkan náà ni mo ní lóòótọ́.

Lánàá tí mo rí yín nínú súwẹ́tà méjì-méjì, tí ẹ ń sọ pé ọyẹ́ ọdún yìí le, mo kàn mi orí ni. Ọyẹ́ ìgbà yẹn, kí ogun tí àwọn òyìnbó bá Jámánì jà tó dé etí wa, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi súwẹ́tà lé. Bó bá fẹ́ dé, ìró rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn èso gbígbẹ á máa là pa, pa, pa nínú igbó bí ẹni tó ń pa ẹ̀pà. Ilẹ̀kùn tí kò dún láti ìgbà òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Òfì tí ìyá mi fi ń hun kíjìpá, tó gbé ti ara ògiri, ohùn rẹ̀ á yí padà, á di gbígbẹ bí ikọ́ arúgbó, nítorí òwú ti gbẹ, ó sì ń já. Bó bá ti já, ìyá mi á wọ́n omi sí i, á ṣépè fún ọyẹ́, á so ó padà. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà á ti inú èpè yẹn mọ iye ìgbà tí òwú já láti àárọ̀.

Ní òwúrọ̀, a kì í rí òkè. Òkè ńlá tó wà lẹ́yìn oko wa, ní ọ̀nà Adó-Àwáyè, á pòórá sínú kùrukùru bí ẹni pé àwọn ará ìlú mìíràn ti jí i gbé. Ètè á bó. Gìgísẹ̀ á là débi pé eèrà lè fi ibẹ̀ ṣe ilé. Òrí la ó fi pa gbogbo ara títí a ó fi máa dán bí ìkòkò tuntun, eruku á sì tún bà lé òrí náà, a ó wá dà bí ìkòkò tuntun tí wọ́n gbàgbé síta. Lónìí, ìpara inú ike ni ẹ ń lò, ó ní òórùn dídùn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Òórùn òrí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé lọ bá àfẹ́sọ́nà, èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ènìyàn nìkan kọ́ ni ọyẹ́ ń bá wí. Tíṣà tó kọ́ mi níwèé fún ọdún méjì, kí Bàbá tó ní kí n padà wá mú ọkọ́, kò kọ́ mi ní èyí. Oko ló kọ́ mi. Igi kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá wọlé. Ibi tí ọyẹ́ bá ti bá a ni yóò ti gbà á. Kálukú wọn ló wá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Igi ẹmi á bọ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó bọ́ agbádá kí olè má baà rí nǹkan dì mú lára rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ayé bá wá ń gbọ̀n, á yọ òdòdó sórí ẹ̀ka gbígbẹ. Igi oṣè á dúró ní ìhòòhò, á fi omi pamọ́ sí ikùn. Iṣu ti sùn ní tirẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀lẹ wọn ni ilá: otútù ọjọ́ méjì péré, ó ti ká ewé jọ, ó ní òun kò ṣe mọ́. Ti àlùbọ́sà ló tún yà mí lẹ́nu. Àwọn Haúsá tó ń gbé e kọjá lọ sí Ìsẹ́yìn sọ fún wa pé inú otútù gan-an ló ti ń sanra lọ́dọ̀ wọn. Mo jowú àlùbọ́sà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀; ní ọdún tí mò ń sọ yìí, kò sí ohun tí n kò lè jowú.

Bàbá wa ní àkùrọ̀ kan, ilẹ̀ etí odò tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò tóbi. Bí ènìyàn bá dúró ní igun kan tó ju òkò, oko olóko ni òkò náà yóò bọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ilẹ̀ yòókù bá ti le bí àpáta, ibẹ̀ nìkan ni nǹkan tútù ti ń jáde. Ẹni tó bá ni ín ni àwọn obìnrin Ìsẹ́yìn yóò máa wá bá ra ata ní oṣù tí ata wọ́n bí ojú. Orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò máa pè láti ojú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ẹnu ilé. Ẹ kò mọ bí ó ti ń wù mí tó kí obìnrin mẹ́ta pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan náà láti ojú ọ̀nà.

Orókún Bàbá ti ń dùn ún, kò lè máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò mọ́. Lẹ́yìn tí a ti wa iṣu tán, ó pe èmi àti Àyìnlá lójú àwọn ìyá wa.

"Ilẹ̀ yẹn kò ṣeé pín sí méjì," ni ó wí. "Bí mo bá pín in, ìjà ni mo pín fún yín. Kí kálukú yín gbin ọmọ ata tirẹ̀ síbi tó bá wù ú, kó sì tọ́ ọ bó ṣe wù ú. Ẹni tí tirẹ̀ bá la ọyẹ́ já, tó ṣeé ṣí lọ sí àkùrọ̀, òun ni mo gbé odò lé lọ́wọ́."

Mo ní, "Bàbá, èmi mà ni àgbà."

"Mo mọ̀," ni ó dáhùn. "Ojú mi ni wọ́n ṣe bí ọ. Ṣé ata náà mọ̀?"

Ìyá mi wo ìyá Àyìnlá. Ìyá Àyìnlá wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ìyá mi kò bi mí bóyá mo jí dáadáa mọ́. Bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, ohun tó ń dáhùn ni, "Ata ńkọ́?"

Etí odò ni mo yàn. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀, omi sì wà nítòsí. Mo ṣe àtíbàbà lé wọn lórí, mo fi koríko bẹẹrẹ bò ó títí ìtànṣán oòrùn kan kò fi rí ọ̀nà wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni mò ń bu omi fún wọn. Kí ẹ wá rí ọmọ ata mi! Wọ́n ga, wọ́n tutù yọ̀yọ̀, ewé wọn fẹ̀, ó rọ̀ bí etí ọmọ ìkókó. Àwọn tó ń kọjá lọ sí oko á dúró wò wọ́n. Wọ́n á ní, "Ọwọ́ ta nìyí?" Èmi á ti inú igbó dáhùn. Mo sá pamọ́ síbẹ̀ nítorí kí wọ́n lè bèèrè ni.

Àyìnlá ní tirẹ̀ lọ sí ìdí òkè, níbi tí àpáta ti dojú kọ ìwọ̀ oòrùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ìyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Ó kọ́kọ́ ń bu omi fún wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí kùrukùru ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín omi kù. Àtíbàbà rẹ̀, ó ń yọ bẹẹrẹ kúrò lórí rẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́ kan lónìí, ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́túnla. Ọmọ ata rẹ̀ wá kúrú, ewé wọn kéré, ó nípọn, ẹ̀yìn ewé náà ṣú, ó sì pọ́n díẹ̀ bí obì. Mo máa ń kọ́kọ́ lọ wo tirẹ̀ kí n tó lọ wo tèmi. Mo mọ iye ewé orí ata rẹ̀. N kò mọ iye tèmi. Bí mo bá rí i pé wọn kò ga jù bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lánàá, oúnjẹ ọjọ́ náà á dùn lẹ́nu mi.

Mo bi í lọ́jọ́ kan. "Àyìnlá, ṣé òǹgbẹ lo fẹ́ fi pa wọ́n ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń fi ọyẹ́ hàn wọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, kí wọ́n lè ti mọ̀ ọ́n kó tó dé."

"Ìwọ ni ò ń fi ọyẹ́ han ata. Ṣé ẹ jọ tan ni, ìwọ àti ọyẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó" yẹn ló gún mi lọ́kàn. Mo ní ẹni tí kò ní nǹkan lẹ́yìn kì í sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá ìyá mi, mo ní Àyìnlá ti gba oògùn. Ìyá mi ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, pé kí ló tún ku ohun tí ìyá rẹ̀ ń wo nílẹ̀ nígbà gbogbo bí kò ṣe ibi tí yóò rì í sí? Àyìnlá sọ òtítọ́ fún mi lọ́sàn-án gangan, ṣùgbọ́n etí ẹni tó ń ṣe ìlara dà bí igbá jíjò. Bó ti wù kí omi tí a dà sínú rẹ̀ mọ́ tó, kò ní í dúró.

Lọ́dún náà, Iléyá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Ẹ ò rí Iléyá ìgbà yẹn. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn lémọ́ọ̀mù sókè. Ọyẹ́ ti mú un lọ́fun, a sì ń na etí láti gbọ́ ibi tó bá a dé. A rìn lọ sí yídì láti oko, eruku kùn wá títí funfun aṣọ wa fi di àwọ̀ èlùbọ́. Nígbà tó di àtidúńbú àgbò, Bàbá ní kí èmi àgbà di ìwo rẹ̀ mú. Àgbò náà wò mí lójú. Ó rí nǹkan kan níbẹ̀, n kò mọ ohun tó rí. Ó já, ó wọ́ mi gba inú eérú ìdáná ìyá Àyìnlá kọjá, ó sì gbé mi dé ẹsẹ̀ Àyìnlá. Ọwọ́ kan ni Àyìnlá fi mú un. Ọwọ́ kan! Ó fi ìkejì gbé mi dìde. Mo bínú sí ọwọ́ kejì yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ọdún ni ọyẹ́ gidi dé. Omi inú amù ń ta eyín. Àwọn adìyẹ kò sọ̀kalẹ̀ lórí igi títí oòrùn fi yọ. Mo sáré lọ sí etí odò, bí mo sì ti ń sọ̀kalẹ̀ ni otútù ń le sí i. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé bí omi ni otútù rí: ibi tó rẹlẹ̀ ló ń wọ́ lọ, ibẹ̀ ló sì ń sùn. Ibi tí mo tẹ́ ibùsùn sí fún ata mi gan-an ni otútù tẹ́ tirẹ̀ sí. Mo ṣí bẹẹrẹ. Ewé tó fẹ̀ bí etí ọmọ ìkókó ti dúdú, ó ti rọ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Ìdajì ti lọ. Ìdajì tó kù ń gbọ̀n bí èmi.

Ẹsẹ̀ mi kò dúró. Mo gba ìdí òkè lọ láti wo ti Àyìnlá. Mo bá gbogbo wọn tí wọ́n dorí kodò, ewé wọn rọ̀ kalẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: tèmi ń kú lọ́wọ́, ọkàn mi sì balẹ̀ nítorí pé mo rò pé tirẹ̀ náà ń kú. Mo tilẹ̀ jókòó lórí òkúta kan láti sinmi. Nígbà tí oòrùn wá gun òkè díẹ̀, mo rí ọ̀kan tó gbé orí. Ìkejì gbé orí. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo wọn ti dìde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bí àwọn tó ń kírun ṣe ń dìde láti ìforíkanlẹ̀. Kò sí ewé kan tó dúdú nínú wọn.

Ọjọ́ náà ni mo sáré lọ sílé lọ gbé omi kaná. Ohun tí mo rò ni pé, bí otútù bá ń pa ènìyàn, ṣé a kì í fún un ní omi gbígbóná? Ìdajì tó ṣeé ṣe kó yè, èmi fúnra mi ni mo sè é. Ibẹ̀ ni Àyìnlá ti bá mi pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́ tó fi di ọ̀pẹ mú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ó fi iyọ̀ sí i?"

Ẹ kò lè mọ bí gbólóhùn yẹn ti dùn mí tó. Odò ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá mi kò bi mí ní ata ńkọ́ mọ́. Ó kàn ń hun aṣọ, ó ń wọ́n omi, kò tilẹ̀ ṣépè. Mo wá sọ fún ara mi pé ata kì í dáwọ́ ọyẹ́ dúró láìní ìrànlọ́wọ́, pé nǹkan kan wà tí Àyìnlá rì sí ìdí òkè yẹn. Bí mo bá hú u jáde, ọyẹ́ yóò pa tirẹ̀ náà, Bàbá yóò wá wò ó pé kò sí ẹni tí tirẹ̀ là á já, odò yóò sì padà sọ́wọ́ àgbà.

Mo jáde ní kùtùkùtù, kùrukùru ṣì bo gbogbo ilẹ̀. Mo mú ọkọ́. Mo mú ìgboyà náà dání, ṣùgbọ́n a ti pínyà kí n tó dé ìdí òkè. Ẹ̀rù oògùn ń bà mí, mo sì fẹ́ hú oògùn. Ẹ wo irú orí tí mo gbé. Mo ka Fátíhà. Mo gbàgbé ibì kan láàárín rẹ̀, mo fi àdúrà tí tíṣà kọ́ wa dí ibẹ̀, mo sì fi ọfọ̀ tí bàbá ìyá mi fi ń lé ejò parí rẹ̀. Mo ní nínú mẹ́ta, kò ní ṣàìsí èyí tí yóò bá a mu.

Igun ni wọ́n máa ń rì í sí, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbẹ́ igun ebè Àyìnlá, n kò rí nǹkan. Mo gbẹ́ ẹ wọ inú sí i. Àwọn ọmọ ata ń tẹ̀lé ọkọ́ jáde, gbòǹgbò wọn pọ̀ bí irùngbọ̀n, ó gùn ju ara wọn lọ. Mo tún gbẹ́ ẹ. Ọkọ́ kan nǹkan rìbìtì kan, ó rọ̀, eérú yí i ká. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Mo ní, "Mo ti mú ọ!" Mo fi ìka méjì gbé e sún mọ́ imú.

Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni.

Ìgbà náà ni òkè wú ikọ́.

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín: mo fi ìdí jókòó. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ sá, ẹsẹ̀ mi kò lè sá. Mo ní, "Òkè, ẹ má bínú, ọmọ yín ni mí!"

Ohùn kan dáhùn láti inú kùrukùru. "Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni ọ́. Ohun tí ò ń wá ni n kò mọ̀."

Bàbá ni. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ àpáta náà, kíjìpá bò ó dé ọrùn, ó fi ẹ̀yìn ti òkúta, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, ibẹ̀ ló ń wá. Odò ló jìnnà sí orókún rẹ̀. Ìdí òkè kò jìnnà sí ilé. N kò mọ̀, nítorí pé ata Àyìnlá nìkan ni mo máa ń wò níbẹ̀.

"Kí lò ń wá?"

"Oògùn ni, Bàbá."

"Ṣé o rí i?"

"Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni mo rí."

"Òun náà nìyẹn. Dìde. Wá gbé ẹ̀yìn rẹ ti ibí."

Mo gbé ẹ̀yìn tì í. Òkúta náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ẹni tó ń sùn.

"Oòrùn àná ni," ni Bàbá wí. "Òkúta kì í tètè gbàgbé. Àbúrò rẹ bi mí lọ́dún kan pé kí ló dé tí mo fi ń wá jókòó síbí láràárọ̀, mo sọ fún un. Ìwọ kò bi mí rí."

"Omi tí kò bù fún wọn ńkọ́?"

"Ọmọ tí o bá fún ní gbogbo nǹkan kó tó sunkún, ọjọ́ wo ni yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara da nǹkan? Bo gbòǹgbò wọ̀nyẹn. Otútù ń wọ̀ wọ́n."

Mo bò wọ́n. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ó sọ fún un?"

"Kí ni n ó sọ? Mo wá yáná ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò mú ìlara kúrò lára mi o, kí ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Bí mo ti ń lọ sílé, ohun tó ń dùn mí ni pé Àyìnlá ló tún kọ́kọ́ mọ ìbéèrè tó yẹ kí ènìyàn bi bàbá rẹ̀. Ìbéèrè lásán! Kò ná ni ní nǹkan kan.

Nígbà tó yá, ọyẹ́ rọ̀. Kùrukùru gbéra, òkè wá padà sí ààyè rẹ̀. Bàbá mú ọ̀pá, ó ní kí gbogbo wa jáde, àwọn ìyá wa pẹ̀lú. Etí odò ni a kọ́kọ́ lọ. Bàbá wo ebè mi, ó wo àtíbàbà mi tó dára, ó sì kọjá. Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ wé, bẹ́ẹ̀ gèlè náà kò tú.

A dé ìdí òkè. Ebè Àyìnlá kún, ó ṣú dẹ̀dẹ̀, àfi igun kan. Èyí tí mo bò padà kò yè. Wọ́n ti gbẹ síbẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ wọn sì rí págunpàgun. Ẹnu ọkọ́ mi ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan nígbà náà, gbogbo agbolé ló mọ̀ ọ́n; àpá rẹ̀ hàn nínú ìyanrìn bí ilà ojú.

Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí i. "Àyìnlá, kí ló pa èyí?"

Àyìnlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan àpá ọkọ́ náà, ó tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá pe orúkọ mi, kì í ṣe odò nìkan ni mo pàdánù. Ojú ìyá rẹ̀ ni mo máa gbé wọlé, àti ojú ìyá mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fúnra mi. Àyìnlá ló tún yára jù mí lọ.

"Ọyẹ́ ni, Bàbá," ni Àyìnlá wí.

Bàbá yíjú sí mi, ó wò mí pẹ́. "Ṣé o gbọ́? Àbúrò rẹ ní ọyẹ́ ni."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ó dáa. Àyìnlá, odò di tìrẹ láti òní lọ. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bá ọ dù ú."

Mo dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, níwọ̀n ìgbà tí bàbá yín kò sí níbí mọ́ láti rẹ́rìn-ín: mo jowú irọ́ tó pa yẹn ju bí mo ṣe jowú odò náà lọ. Ó gba ata mọ́ mi lọ́wọ́, ó gba àgbò mọ́ mi lọ́wọ́, ó gba odò. Ó wá ku ohun kan ṣoṣo tí mo lè fi tu ara mi nínú, pé ìwà rẹ̀ burú ju tèmi lọ, ó tún gba ìyẹn náà. Mo ń retí kó yọ̀ mí, kí n lè rí nǹkan kan dì mú.

Àyìnlá gbọn ìyanrìn kúrò lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó dìde, ó sì yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ ata yìí pọ̀ ju ẹnìkan lọ, oòrùn yóò sì mú láìpẹ́. Ẹ lọ mú ọkọ́ yín wá. Ẹ máa gbẹ́ ihò, èmi á máa gbìn ín. Nínú ilé wa yìí, kò sẹ́ni tó mọ ihò ó gbẹ́ tó yín."